Kébù wíwọ inú bọ́ọ̀dù onírin: gland ni, grommet ni, trunking ni, àbí kẹ́ ẹ gba ẹ̀yìn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ iná ní UK níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ japa dé láti Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ ó ti rí i pé consumer unit oníke, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń pín iná sí gbogbo ilé, ti ń pòórá nílé àwọn èèyàn díẹ̀díẹ̀. Àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí BS 7671, ìwé ìlànà wáyà iná ní UK, ní 2015 ló sọ pé bọ́ọ̀dù inú ilé gbígbé gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí iná ò lè jó, irin ni gbogbo ayé wá mú, ó sì di dandan láti January 2016. Àwọn panápaná London wà lára àwọn tó pariwo ẹ̀ jù, torí wọ́n ń rí i pé sukúrù tí wọn ò yí le dáadáa nídìí main switch tàbí bréékà á máa gbóná, á gbóná títí ike á fi gbiná, bẹ́ẹ̀ abẹ́ àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù wà, ibẹ̀ náà sì lèèyàn máa gbà sá jáde.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wàhálà tí irin wá bá wọlé ni ọ̀rọ̀ ihò. Ike, ẹ fi ọ̀bẹ gé e, ẹ ti kébù wọlé, ó parí. Irin ní tiẹ̀, etí ẹ̀ mú, á máa bó ara kébù díẹ̀díẹ̀, bó bá sì bó o dé wáyà, gbogbo ara bọ́ọ̀dù ló gbé iná yẹn.

Kẹ́ ẹ má bàa kà á títí kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí mo ń lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní tààrà: nílé tó jẹ́ pé twin and earth ló pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn kébù pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú yẹn, kẹ́ ẹ lo trunking (àpótí gbọọrọ onídèérí tí kébù ń gba inú ẹ̀) tàbí kẹ́ ẹ gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù wọlé dáa ju kẹ́ ẹ to gland roboto (ohun tí wọ́n ń yí mọ́ ọrùn kébù lójú ihò) mẹ́wàá sórí ẹ̀ lọ, bó ti wù kí gland yẹn rẹwà nínú fọ́tò tó. Owó gland tẹ́ ẹ fẹ́ ná, ẹ lọ ná an sórí tails, ìyẹn wáyà ńlá tó ń bọ̀ láti mítà, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta wà tí ọ̀nàkọ́nà tẹ́ ẹ bá mú gbọ́dọ̀ bá mu ṣá o. Àkọ́kọ́, etí irin ò gbọdọ̀ kan ara kébù lásán, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ìkejì, orí bọ́ọ̀dù, ìyẹn òkè ẹ̀ tí ọwọ́ lè tó, IP4X tàbí IPXXD ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀ (IP ni ìwọ̀n bí nǹkan ò ṣe gbọdọ̀ ráyè wọlé tó), wáyà tínínrín tó jẹ́ 1 mm ni wọ́n fi ń dán an wò, kò sì gbọdọ̀ ráyè débi tí iná wà. Ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ò le tó yẹn, IP2X tàbí IPXXB ti tó, kí ìka ọwọ́ ṣá má lè dé ibi tí iná wà. Ẹ ò wá rí i pé ihò kan náà tó pass nísàlẹ̀ lè fail lókè. Ìkẹta lèyí tí àwọn tó ń kánjú máa ń gbàgbé: live àti neutral sákíìtì kan náà gbọ́dọ̀ jọ gba ojú ihò kan náà wọlé. Tí live bá gba ihò kan, tí neutral gba òmíràn, agbára mágnẹ́ẹ̀tì tó yí live ká ò ní rí ti neutral tó yẹ kó pa á rẹ́, irin tó wà láàárín ihò méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Sákíìtì bulb, ẹ ò ní mọ̀. Tails tó ń gbé 60 A, 80 A, ẹ máa mọ̀.

Grommet

Òun ló pọ́kú jù. Rọ́bà kékeré tẹ́ ẹ máa tì sínú knockout 20 mm, ìyẹn ihò tí wọ́n ti gé lábọ̀ sára bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ kàn máa gbá jáde. Èyí tó ṣí sílẹ̀ láàárín ń gba kébù lọ́wọ́ etí irin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo àyè tó ṣẹ́ kù nígbà tí kébù pẹlẹbẹ bá gba inú ihò roboto, 2.5 fẹ̀ tó bíi 10 mm, kò sì nípọn tó 7 mm, wáyà 1 mm mélòó lẹ fẹ́ kì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá tí kò ní wọlé? Nísàlẹ̀ bọ́ọ̀dù, kò burú. Lókè, kò lọ. Èyí tó dí pa, tẹ́ ẹ máa fi ọ̀bẹ la ojú ẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ti kébù gbà á, ìyẹn sàn jù torí ó ń fún mọ́ kébù lára. Àmọ́ kò sí grommet tó ń di kébù mú, ẹni tó bá fà á látìta, ó ń bọ̀ nìyẹn, torí náà clip gbọ́dọ̀ wà lára ògiri nítòsí bọ́ọ̀dù. Kébù kan tàbí méjì tó gba ìsàlẹ̀ wọlé, grommet ti tó, ẹ má fowó ṣòfò.

Gland oníke

Èyí tó ní nọ́ọ̀tì lórí, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń yí i ni rọ́bà inú ẹ̀ á máa fún ọrùn kébù. Fún kébù roboto, kò sóhun tó lè bá a dọ́gba: ó dí ihò, ó di kébù mú, eruku ò wọlé, ó sì tún rẹwà. Flex tó ń lọ sídìí bọ́ílà, kébù fáyà àláàmù, gbogbo ìyẹn, gland ni kẹ́ ẹ fún un.

Ìṣòro ẹ̀ ni pé wọn ò ṣe é fún kébù pẹlẹbẹ, bẹ́ẹ̀ kébù pẹlẹbẹ ló kún ilé gbogbo ní UK. Ẹ ki twin and earth bọ gland roboto, ẹ yí i títí ọwọ́ á fi dùn yín, etí kébù méjèèjì ni rọ́bà máa fún, ojú pẹlẹbẹ ẹ̀ á ṣì fàyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tẹ́ ẹ bá wá fipá yí i sí i, ẹ ti ń ba ara kébù jẹ́ nìyẹn. Àwọn kan máa ń kó kébù méjì lé ara wọn kí gland kan gbà wọ́n, ó ń dín àyè yẹn kù díẹ̀ ṣùgbọ́n kò pa á tán. Gland kan wà tí ihò rọ́bà inú ẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ, tó bá jẹ́ pé gland lẹ kú lé, ìyẹn ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ wholesaler, kì í ṣe èyí tó wà nínú àpò yín tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún ro ti àyè. Ring sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ méjì ló ní, torí kébù ẹ̀ jáde láti bọ́ọ̀dù ó sì tún padà síbẹ̀. Ilé tó ní ring méjì, bulb òkè àti ìsàlẹ̀, kúkà, shower, bọ́ílà, àláàmù, ẹ kà á, ó ti di gland mẹ́wàá, nọ́ọ̀tì wọn sì fẹ̀ ju ihò 20 mm tí wọ́n jókòó sí lọ, orí bọ́ọ̀dù kékeré ò lè gba gbogbo wọn kẹ́ ẹ sì tún ráyè fi spana yí i. Lọ́dún tó ń bọ̀ kọ́sítọ́mà á ní òun fẹ́ fi iná sí ọgbà, ẹ̀ ń lọ gbẹ́ ihò tuntun lórí bọ́ọ̀dù tí nǹkan ti kún inú ẹ̀. Àwọn fọ́tò tó máa ń dùn-ún wò yẹn, ẹ wò ó dáadáa, gáràájì ni tàbí plant room, níbi tí kébù ti ń rìn lórí ògiri ní gbangba. Ilé tí kébù ti ń bọ̀ látinú ògiri ò rí bẹ́ẹ̀.

Gbígba ẹ̀yìn

Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ní ojú gbọọrọ kan tàbí méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ lè yọ. Tó bá jẹ́ ògiri plasterboard tí kébù ń gba inú ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn ló mọ́ jù lójú, kò séèyàn tó máa rí kébù kankan, bọ́ọ̀dù nìkan láá lẹ̀ mọ́ ògiri. Rọ́bà gígùn tẹ́ ẹ máa fi bo etí irin, èyí tí wọ́n ń tà ní mítà, òun lẹ máa fi yí gbogbo ojú náà po, kì í ṣe apá ìsàlẹ̀ nìkan, gbogbo ẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀dù kan ń bá ike tó ní eyín wẹ́wẹ́ wá fún ojú yẹn, kébù á gba àárín eyín ẹ̀, ìyẹn dáa ju rọ́bà lásán lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú nínú ọ̀nà yìí ni pé ó rọrùn láti fi ìranù pamọ́ síbẹ̀. Ẹlòmíì á yọ ojú méjèèjì, á gba kébù mẹ́ta péré gba ibẹ̀, àyè tó ṣẹ́ kù á gba ọwọ́ ọmọdé. Ṣebí torí kí iná má bàa jáde kúrò nínú bọ́ọ̀dù la ṣe ra irin, ẹ wá ṣílẹ̀kùn fún un lẹ́yìn, sínú ògiri tó ní pákó nínú. Ojú tẹ́ ẹ nílò nìkan ni kẹ́ ẹ yọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ wá nǹkan tí iná ò lè tètè jó dí i. Ògiri bíríkì tó le ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà yẹn, àmọ́ níbẹ̀ ẹ máa ní láti gbẹ́ ògiri kí kébù tó lè yí gba ẹ̀yìn wọlé, kébù 10 mm² tó ń lọ sí shower kì í ṣe nǹkan tó ń fẹ́ ká ká òun kò ní kọ́nà kékeré.

Trunking

Èyí ni mo fẹ́ràn jù tí kébù bá ń bọ̀ láti sílíìnì wá sórí ògiri tẹ́ ẹ ò lè gbẹ́, bíi nínú flat káńsù tí ògiri ẹ̀ jẹ́ kọnkéré. Trunking 100 × 50 láti sílíìnì wálẹ̀ dé orí bọ́ọ̀dù, ẹ gé ojú gbọọrọ kan sórí bọ́ọ̀dù tó bá ẹnu trunking mu, ẹ fi rọ́bà bo etí ẹ̀, ẹ fi nọ́ọ̀tì àti bóòtì so méjèèjì pọ̀ kó má sí àlàfo. Gbogbo kébù á jọ wọlé, live àti neutral wọn pa pọ̀, ọ̀rọ̀ irin gbígbóná ti tán nìyẹn. Ohun tí mo tún fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé orí bọ́ọ̀dù tó ń béèrè IP4X yẹn ti bọ́ sábẹ́ trunking, ọwọ́ ò tó o mọ́, trunking fúnra ẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ rí i pé kò sí àlàfo ní ìdérí àti ìsopọ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ tí sákíìtì tuntun bá dé, ẹ ṣí ìdérí, ẹ ti kébù gbà á, ẹ dé e. Kò sí gbígbẹ́ ihò.

Àmọ́ ẹ má kó kébù sínú ẹ̀ bí ìgbà tí kọ̀ndọ́ bá ń kó èrò sínú dánfó. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè inú ẹ̀ ni wọ́n sọ pé kí kébù gbà, èyí tó kù, afẹ́fẹ́ ni. Kébù tó fún mọ́ra ń gbóná fún ara wọn, ẹ sì ní láti dín amp tí wọ́n lè gbé kù nínú ìṣirò yín, pàápàá tí shower àti EV charger (ti ọkọ̀ oníná) bá wà nínú wọn. Ike ni ọ̀pọ̀ ń lò, kò sóhun tó burú níbẹ̀ fún kébù tó ní awọ lára, ojú tẹ́ ẹ gé ṣá ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n, kì í ṣe kẹ́ ẹ gé gbogbo orí bọ́ọ̀dù dànù. Tó bá jẹ́ trunking onírin, ẹ rántí ẹ́ẹ̀tì.

Lójú ẹlòmíì kò rẹwà. Ẹ fi ọ̀dà ògiri kùn ún.

Páìpù

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yín rè é. Nílé, páìpù ni wọ́n máa ń rì sínú bíríkì, wáyà ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fà gba inú ẹ̀, bọ́ọ̀dù onírin sì ni wọ́n ti ń lò látọjọ́ pípẹ́. Ọ̀nà tó dáa gan-an ni, tí wọ́n bá fi adaptor àti bush, ìyẹn òrùka tó ń bo etí páìpù kó má bó wáyà, parí ẹnu páìpù náà. Wáyà ẹyọ kò ní awọ kejì lára bíi twin and earth, ohun kan ṣoṣo tó wà láàárín bàbà àti etí irin ni ike tínínrín yẹn, torí náà tí páìpù bá dúró sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù láìwọlé, tí wáyà wá ń gba ojú irin ní ìhòòhò, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Mo ti rí i nínú ilé olówó ńlá. Ní UK níbí, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ilé káńsù kan lẹ ti máa pàdé páìpù onírin, ẹnu ẹ̀ náà bush ló ń gbà.

SWA

Kò sí ìfiwéra púpọ̀ níbí torí kò sí yíyàn: kébù tó ní irin lára, tó ń lọ sí shed tàbí EV charger, gland bíráàsì tiẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé, kì í ṣe grommet. Wáyà irin tó yí i ká gbọ́dọ̀ dì mọ́ inú gland kó sì kan ẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n ń pè ní BW, inú ilé tó gbẹ ni, CW ló ní rọ́bà tó ń fún awọ òde kí omi má wọlé. Ọ̀dà tó wà lára bọ́ọ̀dù kì í jẹ́ kí ẹ́ẹ̀tì gba ibi gland kọjá dáadáa, torí náà ẹ lo tag ẹ̀ tàbí nọ́ọ̀tì tó ní ojú ẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí bar ẹ́ẹ̀tì. Tí SWA náà bá ní láti ká kò gan-an kó tó dé bọ́ọ̀dù, ẹ parí ẹ̀ sínú àpótí onírin kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wá fi kébù rírọ̀ tẹ̀ síwájú. Ìyẹn mọ́ ju kẹ́ ẹ máa bá a jìjàkadì lọ.

Tails: ibi tówó yẹ kó lọ

Tails ni wáyà nínípọn méjì tó ń bọ̀ láti mítà wá sí main switch, 25 mm² ni tí fúùsì bá jẹ́ 100 A, ẹ́ẹ̀tì 16 mm² ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Kò sí bréékà tiyín kankan tó ń dáàbò bo ibẹ̀, fúùsì iléeṣẹ́ iná nìkan ló wà níwájú ẹ̀, 60, 80 tàbí 100 A.

Ẹ jẹ́ ká ní etí irin bó ara live yẹn, ó wá kan ara bọ́ọ̀dù. Nílé tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ iná ló fún un ní ẹ́ẹ̀tì, iná tó máa sáré gba ibẹ̀ á pọ̀ débi pé fúùsì á jó, gbàù, ó tán. Nílé TT, níbi tó jẹ́ pé ọ̀pá tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ nìkan ni ẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣírò ẹ̀ wò: tí ọ̀pá yẹn bá jẹ́ 100 ohm, ẹ pín 230 V sí 100, 2.3 A ni. Fúùsì 100 A ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. RCD inú bọ́ọ̀dù náà, ẹ̀rọ tó ń já iná tó bá ń sá lọ sínú ẹ́ẹ̀tì, ò lè gbà yín torí pé iwájú ẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ara bọ́ọ̀dù á wá dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bíi 230 V lára, òun àti gbogbo nǹkan onírin tó so mọ́ ẹ́ẹ̀tì nínú ilé, títí ẹnì kan á fi fọwọ́ kàn án.

Ní UK, abúlé tí wáyà iná ń gba orí òpó lẹ ti sábà máa ń bá TT pàdé. Nílé Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé ọ̀pá ẹ̀yìnkùlé ni ẹ́ẹ̀tì wọn, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé sílé látibí, ẹ ní kí ẹlẹ́tírísàn ya fọ́tò ibi tí wáyà ńlá ti wọ bọ́ọ̀dù fún yín kó tó dé e.

Tail gland ló ń yanjú gbogbo ẹ̀. Ihò kan ṣoṣo, 32 mm ló wọ́pọ̀, live àti neutral á jọ gba ibẹ̀, ẹ́ẹ̀tì náà ní ojú tiẹ̀ nínú rọ́bà yẹn, á sì fún wọn lọ́rùn tó fi jẹ́ pé bí ẹni tó wá pààrọ̀ mítà bá tiẹ̀ fà á, fífà yẹn ò ní dé ìdí sukúrù main switch. Ẹ rántí ohun tó ń fa iná látìbẹ̀rẹ̀, sukúrù tó tú ni. Àwọn kan á ní knockout 20 mm méjì ti tó fún àwọn, ọ̀kan fún live, ọ̀kan fún neutral. Rárá o. Tẹ́ ẹ bá bá a bẹ́ẹ̀ nílé èèyàn, ẹ fi ayùn irin la àárín ihò méjèèjì kí wọ́n di ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá fi rọ́bà bo etí ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kúkú gbẹ́ 32 mm síbòmíì kẹ́ ẹ dí èyí.

Ẹ fẹ́ gbẹ́ ihò? Step drill dáa fún ihò kan méjì, hole saw yára jù fún 32, punch, èyí tí wọ́n ń yí sukúrù ẹ̀ kó lè gé ihò, ló mọ́ jù ṣùgbọ́n ó wọ́n. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, ẹ yọ àwọn bréékà kúrò lórí rail kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ kí bọ́ọ̀dù tó gun ògiri rárá, torí ìwẹ́wẹ́ irin tó bá bọ́ sínú RCBO, ìyẹn bréékà tó ní RCD nínú, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa gbọ̀n ọ́n jáde. Lórí bọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbàgbé pé tẹ́ ẹ bá pa main switch, òkè ẹ̀ ṣì ní iná, tails ò kú. Tí kò bá sí isolator, ìyẹn swíìsì tó lè pa tails, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ẹ má gbẹ́ ohunkóhun.

Nínú bọ́ọ̀dù, awọ kébù gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀ kẹ́ ẹ tó bó o, kí pupa àti dúdú, tàbí brown àti blue, má hàn níta rárá. Ẹ fi gígùn sílẹ̀ tó máa tó dé bréékà tó jìnnà jù.

Ẹ̀yin oní-ilé tẹ́ ẹ kàn ń kà á, tẹ́ ẹ fẹ́ mọ èyí tẹ́ ẹ máa ní kí wọ́n ṣe: ẹ bi ẹni náà pé ibo ni kébù ń gbà bọ̀. Látinú ògiri plasterboard, ẹ̀yìn ni. Láti sílíìnì lórí ògiri tó le, trunking. Kébù roboto ní gáràájì, gland. Ẹni tó bá ní grommet tó ṣí sílẹ̀ lòun máa tò sórí bọ́ọ̀dù, ẹ wá ẹlòmíì. Ní England, bọ́ọ̀dù pípààrọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó building control, àwọn tó ń bójú tó ilé kíkọ́, létí lábẹ́ Part P, òfin ìkọ́lé tó kan iná, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NICEIC tàbí NAPIT, àwọn ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ẹlẹ́tírísàn sílẹ̀, lè ṣe ìyẹn fúnra ẹ̀, ẹ gba sàtífíkéètì lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.

Knockout tí wọ́n bá ti yọ tí wọn ò lò, blank onírin ni kí wọ́n fi dí i. Kì í ṣe tape.